The Tempest ní èdè Bengali: ìlù pung ló gbé e

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí eré ìbílẹ̀ Bengali àti tíátà òde òní ṣe lè wọnú ara wọn, The Tempest, eré Shakespeare, tí ẹgbẹ́ Dhaka Theatre láti Bangladesh gbé lọ sí tíátà Shakespeare's Globe ní Lọ́ńdọ̀n lóṣù Kàrún-ún ọdún 2012 ni kó wò. Nasiruddin Yousuff ló darí rẹ̀. (Àjọ̀dún eré Shakespeare 37 ní èdè 37 ni, níbẹ̀ náà ni Renegade Theatre láti Èkó ti fi Yorùbá ṣe The Winter's Tale.)

Orí panchali, ìtàn olórin ìbílẹ̀ Bengali, ni ẹgbẹ́ yìí ti ń kọ́lé láti ìgbà Selim Al Deen, òǹkọ̀wé wọn tó kú ní 2008. Gayen, olórí apìtàn, á máa rò, á máa kọrin, àwọn dohar, ìyẹn elégbè, á máa gbè é. Òṣèré kan náà lè máa ròyìn ẹnì kan, kó sì di ẹni náà lójú ẹsẹ̀, láìpààrọ̀ aṣọ.

Pung, ìlù àwọn Manipuri, ẹ̀yà kan ní Íńdíà àti Bangladesh, ni kí ẹ fetí sí jù. Ọrùn ni wọ́n ń gbé e kọ́. Ojú méjì ló ní, ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ bíi ti bàtá, àmọ́ ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń lu méjèèjì. Onílù á máa jó, á fò sókè, ìlù ò sì ní já. Ó yẹ eré tó fi ìjì òkun bẹ̀rẹ̀, pàápàá ní gbàgede tí òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀, níbi tí kò ti ṣeé ṣe láti paná kí ilẹ̀ ṣú.

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ń ṣe irú àdàlù yìí ló ń ki ijó bọ àárín ìran méjì: èrò á pàtẹ́wọ́, ìtàn á tutù. Ẹ fọkàn yọ ijó náà kúrò. Bí ìtàn bá ṣì pé, ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Ẹni tí kò gbọ́ Bengali ní láti múra sílẹ̀ o. Àkópọ̀ ìran nìkan ni wọ́n kọ sójú pátákó, kì í ṣe ìtumọ̀ gbogbo gbólóhùn. Stephano àti Trinculo, àwọn ọ̀mùtí, kò nílò ògbufọ̀. Ọ̀rọ̀ gígùn tí Prospero, ìjòyè tí wọ́n gba ipò rẹ̀, bá Miranda ọmọ rẹ̀ sọ lẹ́yìn ìjì ló le, torí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀tẹ̀ tó lé wọn dé erékùṣù wà, ojú kò sì lè rí i. Ẹ ka ìran kejì nínú apá kìíní ṣáájú.

Fún fídíò rẹ̀, ẹ lo earpiece. Sípíkà fóònù kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ tó ń ti ojú ńlá pung jáde.