Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra ilé ní Àríwá Cyprus: ẹ béèrè ẹni tó ni ilẹ̀ náà ṣáájú ọdún 1974

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, pàápàá ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tí ẹ ń dáwó jọ láti ra dúkìá lókè òkun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó sanwó fún ọkùnrin kan tó ń polówó ilé Àríwá Cyprus, ìyẹn apá àríwá erékùṣù Cyprus, káàkiri Ìjẹ̀bú-Òde láti ìgbà Ojúde Ọba tó kọjá. Inú hòtẹ́ẹ̀lì ló ti ń gbàlejò, fídíò etíkun Kyrenia, ìlú kan níbẹ̀, ló sì fi ń fa ojú àwọn èèyàn mọ́ra.

Ohun tí kò jẹ́ kí èèyàn tètè fura sí i ni pé ilé tó ń fi hàn kì í ṣe irọ́. Ilé náà wà níbẹ̀, ẹ sì lè wọ ọkọ̀ òfuurufú gba Túrkì lọ wò ó. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ lé lórí ni kì í fẹ́ mẹ́nu bà. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Túrkì wọ Cyprus lọ́dún 1974, àwọn ará Cyprus tó ń sọ èdè Gíríìkì sá kúrò ní àríwá lọ sí gúúsù, wọ́n sì fi ilé àti oko wọn sílẹ̀. Lọ́dún 1983 ni àríwá kéde ara rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n títí di òní, Túrkì nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀. Ní ojú òfin ìjọba Cyprus tí gbogbo ayé tó kù mọ̀, àwọn tó sá lọ náà ló ṣì ni ilẹ̀ wọn.

Tọkọtaya Orams láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i báyìí. Wọ́n ra ilẹ̀ ní Lapithos ní àríwá, wọ́n kọ́ ilé sí i, àfi bí Apostolides, ọmọ ìdílé tó ni ilẹ̀ náà ṣáájú ọdún 1974, ṣe pè wọ́n lẹ́jọ́ nílé ẹjọ́ ìjọba Cyprus ní Nicosia, olú-ìlú wọn, tí ilé ẹjọ́ sì pàṣẹ pé kí wọ́n wó ilé náà, kí wọ́n sì san owó gbà-máà-bínú fún un. Ilé ẹjọ́ àjọ Yúróòpù sọ ní oṣù kẹrin ọdún 2009 pé ìdájọ́ náà múlẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè yòókù nínú àjọ ọ̀hún, ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀lé e lọ́dún 2010. Nítorí náà, ẹni tó ní ilé sí Lọ́ńdọ̀n nígbà yẹn, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà nínú àjọ náà, lè tìtorí ilé Cyprus pàdánù èyí tó ń gbé. Òfin Cyprus tún sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ọdún 2006 pé kí ẹnikẹ́ni ta tàbí ra ilẹ̀ onílẹ̀ láìgba àṣẹ rẹ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún méje.

Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí yóò ra pulọ́ọ̀tì kan ní Àgọ́-Ìwòyè láì béèrè ìdílé tó ni ín àti olórí ẹbí tó fọwọ́ sí i. Ó yà mí lẹ́nu pé àwa kan náà ni a ń gbàgbé ìbéèrè yẹn nígbà tí ilé bá ti wà létí òkun àwọn aláwọ̀ funfun.

Ìyá kan tó ń tajà ní Òkè-Ajé gbé ìwé àdéhùn tirẹ̀ wá kí n bá òun kà á. Wọ́n kọ irú táìsì àti àwọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà koçan, ìyẹn ìwé ilẹ̀ wọn, kò sí níbẹ̀. Pọ́n-ùn ni wọ́n fi díye lé ilé, náírà ni wọ́n gbà, àkáǹtì ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ni owó sì wọ̀. Nígbà tí a bi ọkùnrin náà léèrè irú koçan tó jẹ́, ó ní gbogbo koçan ló dọ́gba.

Wọn kò dọ́gba. Èyí tó fọkàn ẹni balẹ̀ jù ni ti ilẹ̀ tó jẹ́ ti ará Cyprus tó ń sọ èdè Túrkì, tàbí ti àlejò, kí ọdún 1974 tó dé. Èyí tí wọ́n ń pè ní eşdeğer jẹ́ ilẹ̀ ará Cyprus tó ń sọ èdè Gíríìkì tí wọ́n fi dípò ilẹ̀ tí ẹnì kan fi sílẹ̀ ní gúúsù. Tahsis ni èyí tí ìjọba ibẹ̀ kàn pín fún èèyàn. Àwọn méjì ìkẹyìn yìí ni ẹjọ́ wà nínú wọn, àwọn ló sì máa ń pọ̀, tí iye wọn sì máa ń rọjú.

Ó tún ń sọ pé ilé náà yóò mú ìwé ìrìnnà Yúróòpù wá. Ẹ má dá a lóhùn. Lóòótọ́ ni Cyprus wọ àjọ Yúróòpù lọ́dún 2004, ṣùgbọ́n òfin àjọ náà kò ṣiṣẹ́ ní àríwá, gúúsù pàápàá sì ti dáwọ́ fífi ìwé ìrìnnà fún olùdókòwò dúró láti ọdún 2020.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà á, kí ó fi owó ara rẹ̀ gba lọ́yà tí kò bá ọkùnrin yìí àti àwọn tó kọ́ ilé náà ṣe, kí lọ́yà ọ̀hún wo koçan ní ọ́fíìsì Tapu, níbi tí wọ́n ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó sì wádìí bóyá báńkì ti gba ilẹ̀ náà ní ìdúró fún gbèsè. Ẹni tó bá ti sanwó, kí ó má san èyí tó kù, kí ó tọ́jú rìsíìtì àti ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ó sì kó wọn lọ bá EFCC. A gbọ́ pé Ṣágámù ni ọkùnrin náà ń múra láti lọ báyìí.