Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń ta ọmọ ajá lábẹ́ bíríìjì

Ọ̀rọ̀ yìí ń tì mí lójú, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́. ₦120,000 ni mo kà lé ọkùnrin yìí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọmọ ajá Lhasa funfun, irú ajá kékeré onírun gígùn, ó ní ó ti pé ọ̀sẹ̀ 8. Ó fi káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára hàn mí: abẹ́rẹ́ mẹ́ta, ti dìgbòlugi wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bírò kan náà! Mo rí i, mi ò bi í. Ọmọ mi ti gbé ajá náà mọ́yà, ó ti sọ ọ́ ní Tanímọ̀la.

Lọ́jọ́ Ajé, kò jẹun. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, èébì tó ń hó bí ọṣẹ. Nígbà tó fi máa di òru, ẹ̀jẹ̀ ló ń yà. Parvo ni, àrùn inú tó ń ràn, tó máa ń pa ọmọ ajá. Ẹni tó bá ti gbóòórùn rẹ̀ rí kò ní gbàgbé. Dókítà ẹranko fa omi sí i lára, ₦65,000 mìíràn. Ìdájí Ọjọ́bọ̀ ló kú, orí súwẹ́tà ilé ìwé ọmọ mi ló kú sí.

Dókítà wo káàdì, ó mirí. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, èyí tó kàn á tún tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, ti dìgbòlugi sì ń dúró di ọ̀sẹ̀ 12. Báwo ni ajá ọlọ́sẹ̀ 8 ṣe gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ó wo eyín rẹ̀, kò tilẹ̀ tíì pé ọ̀sẹ̀ 6. Wọ́n já ọmọ ọmú gbà lẹ́nu ọmú nítorí owó!

Ẹ má bi mí pé ojú mi dà. Ta ló ń ka ọ̀sẹ̀ nígbà tí ọmọ ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Èmi sì ni àgbà, èmi ló yẹ kó kà á. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn mọ̀! Parvo máa ń lúgọ sára tó ọjọ́ 3 sí 7 kó tó yọjú, inú kéèjì rẹ̀ ló ti kó o. Mo pè é, ó ní omi ilé wa ni kò bá ajá lára mu. Omi! Láti ìgbà yẹn, nọ́ńbà mi kò wọlé sí tirẹ̀ mọ́.

Ẹ ní kí wọ́n fi ìyá ajá hàn yín. Ẹ wo sítíkà ìgò oògùn lára káàdì, ẹ pe dókítà tó lù ú lóǹtẹ̀. Bí parvo bá ti pa ajá nílé yín, ẹ fi Hypo fọ ilẹ̀, ẹ má tíì gbé òmíràn wọlé, ó ń pẹ́ nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní tèmi, mi ò gba ẹnikẹ́ni tó ń ta ajá gbọ́ mọ́, ìbáà ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì.

Mo gba ibẹ̀ kọjá lánàá. Ọmọ ajá márùn-ún ló wà nínú kéèjì yẹn, oòrùn ń pa wọ́n, kò sí omi níwájú wọn. Funfun ni méjì nínú wọn.