The Beyond / Where the Giants Roam ti Thundercat: Kíkúrú Kọ́ Ni Àbùkù Rẹ̀

Inú oṣù kẹfà ọdún 2015 ni Stephen Bruner, atagìtá béèsì àti akọrin ọmọ Los Angeles tí ayé mọ̀ sí Thundercat, gbé àwo-orin yìí jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ orin Brainfeeder. Orin mẹ́fà ni, gbogbo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 16 lọ. Àwọn alágbèéyẹ̀wò yìn ín dáadáa. Ọ̀rọ̀ kíkúrú rẹ̀ ló kàn fa awuyewuye: ṣé ó pé bẹ́ẹ̀, àbí ìpanu lásán ni? Lójú tèmi, ó pé. Apocalypse tó ṣáájú rẹ̀ ní 2013 kún fún ọ̀fọ̀ Austin Peralta, ọ̀rẹ́ rẹ̀ atẹdùùrù tó kú ní 2012, ikú sì tún ni kókó eléyìí. Ìṣẹ́jú 16 tó fún ọ̀rọ̀ tó wúwo báyẹn.

Them Changes, orin kẹta, ni gbogbo èèyàn mọ̀. Inú Footsteps in the Dark tí ẹgbẹ́ olórin Isley Brothers gbé jáde ní 1977 ni wọ́n ti mú ìlù rẹ̀. Aṣàgbéjáde orin Flying Lotus wà nídìí iṣẹ́ náà, Kamasi Washington sì fọn saxophone sí i. Síbẹ̀, gìtá béèsì ló gbé e ró. Olókùn mẹ́fà ni Thundercat ń ta, ohùn rẹ̀ sì ń gba inú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní envelope filter kọjá: bí ọwọ́ bá le lórí okùn, ohùn á là; bí ọwọ́ bá rọ̀, á padé. Lórí ìró tó ń múni jó yẹn ló ti ń fi ohùn tín-ín-rín kọrin ọkàn tó sọnù àti ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀.

Ẹ̀yin atagìtá tó fẹ́ mú ohùn yẹn jáde, ẹ fi filter ṣáájú nínú ìtò pedal yín, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ ohùn tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Bí compressor bá ṣáájú rẹ̀, á ti sọ ọwọ́ líle àti ọwọ́ rírọ̀ di ọgbọọgba, filter kò sì ní mọ ìgbà tó yẹ kó là. Ẹ yí bọ́tìnnì sensitivity sí àárín, kí ẹ ta okùn kan kíkankíkan, kí ẹ wá máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí tó fi jẹ́ pé ohùn tó le jù lọ nìkan ló ń là tán. Ẹni tó bá ń fi agbára ta gbogbo rẹ̀, filter á kàn la ẹnu sílẹ̀ ni, adùn á sì lọ.

Inú Lone Wolf and Cub ni jáàsì ti hàn gedegbe. Ó lé ní ìṣẹ́jú 5, Herbie Hancock, àgbà olórin jáàsì, ló sì tẹ dùùrù níbẹ̀. Ẹ fetí sí bí Thundercat ṣe ń ta ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí béèsì. Okùn tín-ín-rín tó wà lókè ló jẹ́ kí ìyẹn mọ́ létí. Kì í ṣe ọwọ́ yíyá lásán. Hard Times rọra ṣílẹ̀kùn àwo náà, ó sì dára. That Moment nìkan ni mi ò gbà fún: ó ti kọjá kí etí tó mú un.

Ẹ má fi agbóhùn fóònù gbọ́ ọ. Okùn E nísàlẹ̀ béèsì ń dún ní nǹkan bí 41 Hz, B tó máa ń wà lábẹ́ rẹ̀ lórí olókùn mẹ́fà sì tó 31 Hz. Agbóhùn kékeré bẹ́ẹ̀ kò lè gbé e jáde, ohùn òkè nìkan lẹ óò máa gbọ́. Agbóhùn etí (headphone) tó dára tó. Ẹ pa shuffle tó ń da ètò orin rú pẹ̀lú, torí ìtòtẹ̀léra rẹ̀ ṣe pàtàkì. Them Changes tún wà nínú Drunk, àwo-orin rẹ̀ ti 2017, láàárín orin 23, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti mọ̀ ọ́n. Níbí, ẹ̀yìn Song for the Dead ló ti wọlé, ìbànújẹ́ tó wà nínú rẹ̀ sì hàn ju ijó lọ.