Ilé Àjùmọ̀sùn Tó Wà Lódìkejì Ọ̀sà ní Àgbádárìgì: Ta Ló Gbé Báàgì Ẹ̀gbọ́n Mi?

Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló mú mi kọ èyí. Bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ ni, lẹ́bàá fèrèsé, nínú yàrá àwọn obìnrin. A ti sanwó rẹ̀ ṣáájú, wọ́n ti lẹ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi mọ́ ọn lára. Síbẹ̀, a ti etí òkun dé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, a bá báàgì wọn lórí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òjò ń fọ́n sí i lára. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí sórí fóònù.

Mi ò ní dárúkọ ilé náà. Ìyá tó ń dáná níbẹ̀ kò ṣẹ̀ mí, oúnjẹ òòjọ́ wọn sì wà níbẹ̀. Erékùṣù Gberefu ló wà, láàárín ọ̀sà àti òkun, ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Marina Àgbádárìgì kí ẹ tó débẹ̀. Ọ̀nà láti Mile 2 wá sí Àgbádárìgì, gbogbo wa la mọ bó ṣe rí. Ẹ sáà tètè kúrò nílé.

Ilé náà kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì, ẹni tó bá ń wá ẹ̀rọ amúlétutù kó dúró sáàárín ìlú. Pákó ni ògiri rẹ̀, imọ̀ àgbọn ni wọ́n fi bo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yàrá ńlá méjì ló ní, ọ̀kan fún obìnrin, ọ̀kan fún ọkùnrin, bẹ́ẹ̀dì onípele méjì ló sì kún inú wọn, irú èyí tí a lò nílé ìwé. Ẹnu ọ̀nà lẹ ó ti bọ́ bàtà. Kànga ni wọ́n ń lò, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó pọn omi. Tó bá ti di aago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n á pa jẹnẹrétọ̀, kálukú á sì wá tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Tábìlì gígùn kan ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ilé ti ń jẹun pọ̀ lásìkò kan náà, láti inú ìkòkò kan náà. Lókè tábìlì yẹn ni wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ òfin ilé sára pátákó: "Ẹni tó bá sùn níbí yóò pọn omi, yóò fọ àwo tó fi jẹun. Kò sí ọ̀gá níbí."

Pátákó yẹn ló fà mí débẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń bá ẹgbẹ́ onírìn rin etí òkun ló fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo sì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ibi tí a ó lọ nìyẹn. Ní Èkó wa yìí, tí owó ti ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń wo mọ́tò tí ẹ gbé wá kí wọ́n tó kí yín, ilé kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé kò sí ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ ńlá ni lójú mi. Mo gbà á gbọ́.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí orúnkún ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò lè gun àkàbà. Mo sọ ọ́ fún máníjà lórí WhatsApp kí n tó san owó. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé padà pé: "Kò sí wàhálà mà. Bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé fún Mọ̀mí tí orúnkún ń dùn." Mo tọ́jú rẹ̀. Ó ṣì wà lórí fóònù mi.

Ọkọ̀ tó gbé wa kọjá dára. Ọmọkùnrin tó wà á fún gbogbo wa ní jákẹ́ẹ̀tì, kò sì gbéra títí tí ẹ̀gbọ́n mi fi de tiwọn dáadáa. Lọ́sàn-án la rin ọ̀nà iyanrìn lọ sí etí òkun tí wọ́n ń pè ní Point of No Return. Mi ò ní tún ìtàn òwò ẹrú yẹn sọ fún ọmọ Àgbádárìgì. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì rin ọ̀nà náà rí, kó rìn ín. Láyé ìgbà náà, wọ́n á kó àwọn ènìyàn láti ọjà ẹrú Vlekete, wọ́n á fi ọkọ̀ gbé wọn kọjá ọ̀sà, wọ́n á wá fẹsẹ̀ rin inú iyanrìn yẹn lọ bá ọkọ̀ òyìnbó. Kànga kan wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ní wọ́n máa ń fún wọn ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ẹ̀gbọ́n mi dúró níbẹ̀ pẹ́, wọn ò sọ̀rọ̀. Nígbà tí a dé etí òkun, afinimọ̀nà wa kìlọ̀ fún wa pé ká má wọ inú omi, torí ìgbì ibẹ̀ a máa fa ènìyàn lọ. A jókòó sábẹ́ igi àgbọn, a sì rọra ń padà bọ̀. Orúnkún wọn ti wú nígbà tí a fi délé. Bẹ́ẹ̀dì yẹn ni ọkàn wọn wà.

Báàgì la wá bá níta.

Máníjà náà jáde, ọmọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, kọ́kọ́rọ́ rọ̀ sí i nídìí bẹ́líìtì. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Àwọn àlejò pàtàkì ló dé." Mo bi í pé àlejò pàtàkì wo? Ó ní ọkùnrin kan gbé ẹbí rẹ̀ wá pẹ̀lú spídíbóòtù, ó sì ti san owó gbogbo bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀, ó lé owó lórí rẹ̀. Mo ní, "Èyí tí àwa ti san ńkọ́?" Ó ní bẹ́ẹ̀dì òkè ṣì wà. Mo ní kó wo orúnkún ẹ̀gbọ́n mi. Kò wò ó. Fóònù rẹ̀ ló ń wò. Mo ṣí WhatsApp, mo ka ọ̀rọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí i létí. Ó ní, "Mo mọ̀, mà, ṣùgbọ́n bí ìṣòwò ṣe rí nìyẹn."

Mo wá bi í pé ta ló gbé báàgì síta. Ó ní àwọn ọmọ ni. Mo ní àwọn ọmọ wo? Ó pe ọmọkùnrin tó ń gbálẹ̀, ìyẹn ní òun wà nídìí jẹnẹrétọ̀. Ó pe ọlọ́kọ̀ ojú omi, ìyẹn ní òun ò tilẹ̀ tíì kúrò létí omi látàárọ̀. Nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tó lè pè mọ́, ó ní ká fi ìyẹn sílẹ̀. Mi ò fi í sílẹ̀. Mo ṣí báàgì lójú rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n dì sínú páálí, ti rin. Ìwé tí dókítà fi kọ bí wọn yóò ṣe lò ó ti di nǹkan mìíràn. Mo gbé e sókè kó rí i.

Ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó ní kí wọ́n fún wa ní mínírà tútù méjì.

Mo ní kó dá owó wa padà. Ó ní owó tó bá ti wọ àkáǹtì, ọ̀gá tó wà ní ìlú Èkó nìkan ló lè dá a padà, ó sì lè gba ọjọ́ mélòó kan. Ó mọ̀ dáadáa pé ọkọ̀ tó kẹ́yìn ti lọ. Ilẹ̀ ń ṣú, òjò ń rọ̀, ibo la fẹ́ lọ? Ó ní òun yóò ní kí wọ́n tẹ́ fóómù sílẹ̀ fún wa. Sílẹ̀, fún ẹni tí kò lè kúnlẹ̀, tí kò lè dìde nílẹ̀ láìjẹ́ pé ènìyàn méjì fà á sókè. Ohùn mi ti lọ sókè nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi sì ń fà mí láṣọ pé ó tó.

Bí mo bá fi ibẹ̀ parí ọ̀rọ̀, kí gbogbo yín má débẹ̀ ni ǹ bá sọ. Ṣùgbọ́n Ìyá tó ń dáná ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ilé ìdáná. Ará Gberefu níbẹ̀ ni wọ́n, Ògù ni wọ́n, Yorùbá wọn sì já gaara. Wọn ò bá máníjà sọ nǹkan kan. Wọ́n wá mú báàgì náà lọ sídìí iná, wọ́n sá àwọn aṣọ sórí àga, wọ́n tú oògùn jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n nù ún, wọ́n tò ó sórí àwo. Èyí tó wà nínú ike kò ṣe nǹkan. Wọ́n gbé àga fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, na ẹsẹ̀ yẹn síbí." Wọ́n gbé omi gbígbóná wá pẹ̀lú aṣọ ìnura, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì fi jó o.

Nígbà tí oúnjẹ jinná, wọ́n lu ọmọrí ìkòkò. Gbogbo ilé jókòó, títí kan ẹbí tó bá spídíbóòtù wá. Ìyá ò bu oúnjẹ. Wọ́n dúró ti ìkòkò, wọ́n sì bèèrè wọ́ọ́rọ́ pé ta ló pọn omi lónìí. Àwa tí a pọn nàwọ́ sókè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹbí náà rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ti sanwó. Ìyá tọ́ka sí pátákó. Wọ́n ní, "Ẹni tí kò tíì pọn omi, kò tíì dé."

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́. Mo rò pé ìjà ló fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ìyàwó ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ dìde, obìnrin àgbàlagbà kan tó wọ bùbá àdìrẹ. Ó bèèrè ibi tí garawa wà. Bó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ló rí aṣọ tí wọ́n sá, ó sì bèèrè ẹni tó ni ín. Ìyá sọ fún un. Ẹ̀yin ará, obìnrin yìí ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀! Máníjà ti sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀dì náà ṣófo. Ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kí wọ́n má bínú, ó wọlé lọ, ó kó ẹrù tirẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì náà, ó sì bá wa gbé báàgì padà síbi tó wà látàárọ̀. Ọkọ rẹ̀ ń pọn omi ní gbogbo àkókò yẹn, pẹ̀lú aago olówó ńlá lọ́wọ́. Ó pọn ún dáadáa, ó kún dúrọ́ọ̀mù.

A wá jẹun. Ìrẹsì alágbọn ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tó ní akàn àti ẹja tútù tí wọ́n pa nínú ọ̀sà lọ́jọ́ náà. Mi ò tíì jẹ irú ìrẹsì yẹn rí, oje àgbọn ti wọ inú rẹ̀ láìjẹ́ kó ki pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bu ú lẹ́ẹ̀kejì.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti gbé ní Switzerland wà nídìí tábìlì náà, òun ló sọ fún wa pé irú ilé yìí pọ̀ lórí àwọn òkè ibẹ̀, fún àwọn tó ń gun òkè àti àwọn tó ń fi pátákó yọ̀ lórí yìnyín. Ẹgbẹ́ àwọn agunkè wọn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1863, ní irú rẹ̀ tó bíi 150. Ó ní ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń bọ́ bàtà níbẹ̀ náà, orí fóómù tí wọ́n tò mọ́ra ni wọ́n ń sùn sí, kálukú á sì mú àpò aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn dání. Hẹlikọ́pítà ló ń gbé oúnjẹ lọ sí ọ̀pọ̀ nínú wọn torí kò sí ọ̀nà mọ́tò. Ààjìn ni àwọn tó ń yọ̀ lórí yìnyín ti ń jí, torí òtútù òru a máa mú yìnyín le, bí oòrùn bá sì ti gbóná, á rọ̀, ó lè ya lulẹ̀ lé ènìyàn lórí. Mo bi í pé ta ló ń pín bẹ́ẹ̀dì. Ó ní olùtọ́jú ilé ni, nígbà tí ẹ bá dé, ibi tó bá sì fún yín ti di tiyín títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Mo wo máníjà. Ó ń fọ àwo.

Oorun alẹ́ ọjọ́ náà dára. Ohùn òkun ń wọlé láti òkèèrè. Àwọ̀n ẹ̀fọn tèmi ya níbi méjì, mo fi rọ́bà ìrun dí i. Ilé ìwẹ̀ mọ́, ṣáláńgá náà mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì tí mo ti sùn ní ìlú.

Láàárọ̀, bí a ṣe ń jẹ àkàrà àti ẹ̀kọ gbígbóná, máníjà wá bá wa. Ó ní òun tọrọ àforíjì bí ó bá jẹ́ pé inú bí wa. "Bí ó bá jẹ́ pé"! Kò sọ ẹni tó gbé báàgì. Kò sọ̀rọ̀ oògùn. Ó wá ní ká jọ̀ọ́ bá àwọn kọ ọ́ síta pé a gbádùn ibẹ̀, ká sì fún àwọn ní ìràwọ̀ márùn-ún. Títí di òní, mo ṣì ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lórí WhatsApp pé ta ló gbé báàgì yẹn. Ó ń kà á, kò dáhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé náà, bẹ́ ẹ bá rí èyí, ìyá tó wà nídìí iná yín ló mọ ìtumọ̀ ohun tẹ́ ẹ kọ sára pátákó. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́. Kẹ́ ẹ sì fi kún owó wọn.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fún wọn ní 5, mo kọ̀. A ti sọ fún Ìyá pé a ń bọ̀ nígbà ọyẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ mú aṣọ ìbora, tọ́ọ̀ṣì àti àwọ̀n ẹ̀fọn tiyín dání, ẹ fi oògùn yín sínú ọ̀rá, kí ẹ sì ya fọ́tò bẹ́ẹ̀dì yín pẹ̀lú orúkọ yín lára rẹ̀ kí ẹ tó jáde lọ sétí òkun.