Ẹ ṣọ́ra o! Gbájúẹ̀ kan ń ta beacon àlòkù tó ti bàjẹ́ ní Denver

Ẹ̀yin ará wa ní Colorado, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ti ń bá àwọn ará ibi iṣẹ́ yín gun òkè lọ ṣe síkì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka eléyìí kẹ́ ẹ tó náwó.

Ọkùnrin kan ń ta beacon lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ kékeré tá a máa ń so mọ́ àyà, tó jẹ́ pé tí yìnyín bá ya lórí òkè tó bo èèyàn mọ́lẹ̀, àwọn tó kù á fi tiwọn wá a rí. Ó máa ń yí orúkọ padà, àmọ́ fọ́tò kan náà ló ń lò, beacon mẹ́ta lórí kápẹ́ẹ̀tì búlúù. Á ní òun ò tíì lò ó rí, pé òun fẹ́ kó kúrò nílùú ni. Irọ́ ni! Àbúrò wa kan ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìgbà tá a ṣí ojú bátìrì, irin ibẹ̀ ti dípẹtà, ó kàn fi sáńpépà ha á kó lè máa dán ni. Iná ẹ̀ ń tàn o, ó tiẹ̀ ń ké pìì, àmọ́ tá a fi ọ̀kan sí send, ìyẹn kó máa fi àmì ránṣẹ́, tá a gbé ìkejì tó yẹ kó gbọ́ àmì náà sẹ́yìn díẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ èyí tó dáa á gbọ́ láti nǹkan bíi 40 mítà. Bá a ṣe ní kó dá owó padà báyìí ló bulọ́ọ̀kù gbogbo wa.

Ti owó kọ́ ló ń dùn mí. Ẹni tí yìnyín bá bò mọ́lẹ̀, àfi kí wọ́n wú u jáde láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 15, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ ìrètí ò pọ̀ mọ́, kò sì sí ambulance tó lè tètè débẹ̀, àwọn tẹ́ ẹ jọ lọ nìkan ló lè gbà yín.

Èyí tó tún bí mi nínú jù ni pé ó ń sọ fáwọn èèyàn pé tó bá ti di April ewu ti lọ. April 20, 2013 ni yìnyín ya ní Sheep Creek lẹ́bàá Loveland Pass, èèyàn márùn-ún ló kú! Lásìkò yìí oòrùn á yọ́ ojú yìnyín, omi á wọ inú ẹ̀, á wúwo, á sì ya. Tí kò bá dì dáadáa lóru, ẹ má lọ. Tó bá sì dì, ẹ tètè jáde láàárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, tí ẹsẹ̀ yín bá ti ń rì wọ yìnyín rírọ̀ ẹ yáa padà. Ẹ ka ìkìlọ̀ CAIC, iléeṣẹ́ ìjọba Colorado tó ń kìlọ̀ nípa yìnyín tó ń ya, kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Ó tún ní òun á mú yín gun òkè, owó ni o. Ẹ bi í ní ìwé àṣẹ US Forest Service, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ilẹ̀ igbó, torí ẹni tó bá ń gbowó mú èèyàn lọ sórí ilẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ ní i.

Tẹ́ ẹ bá máa ra àlòkù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ ṣí ojú bátìrì, ẹ mú beacon míì dání kẹ́ ẹ dán an wò níta, kó jẹ́ èyí tó ní áńtẹ́nà mẹ́ta. Ṣọ́bìrì onírin àti ọ̀pá tí wọ́n fi ń gún yìnyín wá èèyàn ńkọ́? Dandan ni.

Ẹni tó bá ti ra lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ má gbé e lọ sókè o, ẹ má sì tà á fún ẹlòmíì.