Lóònù fún iṣẹ́ abẹ: áàpù, báńkì, àjọ àbí kọ́párétíìfù?

Ẹ jẹ́ ká yanjú èyí ná, mi ò sọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n gbé dìgbàdìgbà dé ẹmájẹ́nsì o. Iṣẹ́ abẹ tó lè dúró ni mò ń sọ, bíi fáíbírọ́ìdì tí kò tíì le, ìpá, eyín tó wọ́, èyí tí dókítà á ní "ẹ lọ wá owó, ẹ padà wá ká mú ọjọ́." Ibẹ̀ gan-an la ti ń kó sí gbèsè, torí a rò pé ọjọ́ tí wọ́n bá mú, ọjọ́ náà ni.

Mo ti yá owó áàpù rí, mo ti yá ti kọ́párétíìfù náà. Ti báńkì, ọkọ mi ló yá a, àmọ́ èmi ni mo jókòó ṣírò ẹ̀.

Áàpù yá, kò sí irọ́ níbẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà ní Kubwa níbí, kò sí iná, owó fáíbírọ́ìdì mi ku 250,000, kí n tó kà dé ogún wọ́n ti ní wọ́n ti fọwọ́ sí i. 212,500 ló wọlé. Wọ́n ti yọ èlé wọn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wọn, ọgbọ̀n ọjọ́ sì ni mo ní láti dá 250,000 padà, tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ lórí owó tó dé ọwọ́ mi, ó lé ní 17% lóṣù kan ṣoṣo. Mo wá ibi tó kù kún un, mo san gbogbo ẹ̀ fún ọsibítù lọ́jọ́ kejì.

Ló bá di ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ abẹ, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi wo PCV, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ pupa ṣe pọ̀ tó lára, 26 ló jẹ́. Dókítà ní àfi kó tó 30 ó kéré tán, kí n lọ máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀, kí n padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Kì í ṣe ẹ̀bi dókítà, ẹni tí fáíbírọ́ìdì bá ń da ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Àmọ́ áàpù ò mọ PCV. Mo ń mu omi ugu láàárọ̀ lálẹ́, fóònù ń dún. Wọ́n ní kí n san 37,500 kí wọ́n fi oṣù kan kún un, mo san án lẹ́ẹ̀mejì, 75,000, gbèsè ṣì dúró ní 250,000 gbọnin! Ọjọ́ tí mo pẹ́ díẹ̀, wọ́n tẹ mẹ́sééjì sí Alhaji, lándílọ́ọ̀dù mi. Google ti ní láti 2023 kí áàpù lóònù má wo nọ́ńbà inú fóònù èèyàn mọ́, àmọ́ èmi fúnra mi ni mo fi nọ́ńbà Alhaji síbẹ̀ nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tó mọ̀ mí. Alhaji kan ilẹ̀kùn, ó ní "Madam, lafiya?" Ojú tì mí débi pé mo ní kò sí nǹkan. Tó bá jẹ́ áàpù náà lẹ ṣáà fẹ́, ẹ wo orúkọ ẹ̀ lórí lísìtì FCCPC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, kẹ́ ẹ tó tẹ nǹkan kan.

Báńkì dáa fún ẹni tó ń gbowó oṣù. Ẹ sáà béèrè bóyá flat ni èlé wọn (lórí gbogbo owó tẹ́ ẹ yá títí dé ìparí) tàbí reducing (lórí èyí tó kù nìkan). 300,000 fún ọdún kan ní 3% lóṣù, tó bá jẹ́ flat, èlé ẹ̀ 108,000, tó bá jẹ́ reducing, bíi 61,700. Ọmọ báńkì ò ní là á fún yín tẹ́ ẹ ò bá bi í.

Àjọ ò ní èlé rárá, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wà nísàlẹ̀, àfi kẹ́ ẹ bẹ ẹni tó fẹ́ kó pé kẹ́ ẹ pààrọ̀. Ọsibítù tó ń gba owó díẹ̀díẹ̀ náà wà, ẹ gbà á sínú ìwé. Tẹ́ ẹ bá sì ní NHIA, adójútòfò ìlera ti ìjọba, ẹ bi HMO yín, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó o fún yín, kẹ́ ẹ tó yá kọ́bọ̀.

Kọ́párétíìfù, ẹ jọ̀ọ́, ó ní wàhálà tiẹ̀. Ní tiwa, ẹ gbọ́dọ̀ ti dá owó fún oṣù mẹ́fà, ìlọ́po méjì owó yín ni wọ́n á yá yín, onídùúró méjì, gbogbo èèyàn á sì mọ ohun tó ń ṣe yín (ìyá kan ń fún mi ní àgbo lójú ìpàdé). Àmọ́ 1% lóṣù ni, lórí èyí tó kù. Ìgbà tí a fẹ́ ṣe ìpá ọmọ mi ọkùnrin, ọjọ́ kù ọ̀la, òtútù mú un, ó ń wúkọ́, dókítà ní kò sí oorun tíátà fún ọmọ tó ń wúkọ́, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo pe ìyá akápò, àyà mi ń já. Ó ní, "Ṣé ẹ ti gba ṣẹ́ẹ̀kì ni? Ọ̀dọ̀ mi ló wà. Ọjọ́ tí wọ́n bá máa gbé e wọlé la máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà."

Sátidé àkọ́kọ́ oṣù là ń ṣe ìpàdé. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, kó mú fọ́tò páásìpọ́ọ̀tì méjì dání, kó sì má pẹ́, torí ìyá akápò kì í dúró de ẹnikẹ́ni.