Tọ́ọ̀mù Lórí Bass Drum àbí Lórí Irin Tirẹ̀? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Sẹ́ẹ̀tì Ìlù

Ẹni tó bá fẹ́ ra sẹ́ẹ̀tì ìlù máa ń béèrè igi tí wọ́n fi ṣe é, àwọ̀ rẹ̀, àti iye tọ́ọ̀mù (àwọn ìlù tí wọ́n máa ń gbé sókè níwájú onílù) tó wà níbẹ̀. Ìbéèrè tí n kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ni pé: kí ló máa gbé àwọn tọ́ọ̀mù náà dúró? Bẹ́ẹ̀, ohun tó gbé wọn dúró ló máa sọ ibi tí apá yín á máa nà dé nígbàkígbà tí ẹ bá jókòó láti lùlù. Òun náà ló tún máa sọ bí ìró wọn ṣe máa pẹ́ tó.

Ọ̀rọ̀ náà pín sí méjì, àwọn èèyàn sì máa ń lọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ra. Ọ̀kan ni bí irin ṣe di ara tọ́ọ̀mù mú. Èkejì ni ohun tí irin náà fúnra rẹ̀ dúró lé. Tọ́ọ̀mù lè rọ̀ láti òrùka irin ẹnu rẹ̀ kó sì tún wà lórí bass drum, ìlù ńlá tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lù. Ó sì lè jẹ́ igi rẹ̀ gan-an ni wọ́n de irin mọ́, kí irin náà wá dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí irin ṣe di tọ́ọ̀mù mú

Nínú ọ̀nà àkọ́kọ́, páìpù nípọn kan máa ń gba ihò ara igi wọ inú tọ́ọ̀mù lọ. Lára ìlù Pearl ni ọ̀pọ̀ onílù ti mọ irú èyí. Ó lágbára gan-an ni: tọ́ọ̀mù kì í yí, kì í jó, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wúwo lè fi gbogbo ara lù ú. Àmọ́ páìpù wà nínú ìlù níbi tó yẹ kó jẹ́ ti afẹ́fẹ́ nìkan, igi ìlù ló sì ń ru gbogbo ìdè náà.

Nínú ọ̀nà kejì, irin kékeré kan ni wọ́n fi síkúrù dè mọ́ ìta igi, ọ̀pá tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ á wá wọ inú irin náà láì wọnú ìlù. Èyí ló wọ́pọ̀ lára sẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ kò ga, kò sì sí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ìsorọ̀. Gary Gauger, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní RIMS, èyí tó mú kí àwọn onílù mọ ìyàtọ̀ tó wà nínú ìlù tí wọ́n dè mọ́ irin àti ìlù tí wọ́n so rọ̀. Awẹ́ irin kan tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìlù, àwọn síkúrù tó ń fa awọ le á gba inú rọ́bà kọjá lára awẹ́ náà, igi ìlù kò sì ní fara kan irin tó gbé e rárá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìlù gbé tiwọn jáde: Pearl ní OptiMount, Tama ní Star-Cast, DW ní STM, Sonor ní TAR. Yamaha ya sí ọ̀nà mìíràn. YESS tiwọn ṣì wà lára igi, ṣùgbọ́n ibi tí igi kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ̀n ni wọ́n dè é mọ́, ojú ibi tí irin ti kan igi sì kéré.

Ìdí tí gbogbo wàhálà yìí fi wáyé nìyí. Tí ẹ bá lu tọ́ọ̀mù, kì í ṣe awọ òkè nìkan ló ń gbọ̀n. Awọ ìsàlẹ̀ ń gbọ̀n, igi náà ń gbọ̀n. Irin tí wọ́n bá dè pinpin mọ́ igi á máa fa lára gbígbọ̀n yẹn lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ìró á sì tètè kú.

Ẹ lè dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ yọ tọ́ọ̀mù kúrò lórí irin. Ẹ fi ìka méjì di òrùka ẹnu rẹ̀ mú kó máa rọ̀ sílẹ̀, ẹ lù ú láàárín, kí ẹ máa kà títí ìró á fi tán. Ẹ wá dá a padà sórí irin, ẹ lù ú bẹ́ẹ̀ náà, ẹ tún kà. Bí ìyàtọ̀ rẹ̀ bá kéré, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ìsorọ̀ fún yín. Bí ìró bá já sí ìdajì, irin yẹn ń jẹ ìlù yín, owó tí ẹ bá ná láti so ó rọ̀ kò ní ṣòfò.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó náwó, ẹ bi ara yín bóyá ìró gígùn yẹn lẹ fẹ́. Mo ti rí onílù tó so gbogbo tọ́ọ̀mù rẹ̀ rọ̀, tó tún wá lẹ téèpù mọ́ awọ nítorí pé ìró wọn ń pẹ́ jù. Ìsorọ̀ náà sì ní ìṣòro tirẹ̀. Tọ́ọ̀mù á máa fì díẹ̀ lábẹ́ ọ̀pá tí ẹ fi ń lù ú, èyí sì máa ń bí àwọn tó ń yára lùlù nínú. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ awọ, ẹ óò kọ́kọ́ tú àwọn síkúrù tó gba inú awẹ́ irin kọjá. Awẹ́ náà tún ń gba àyè, tọ́ọ̀mù méjì kì í sì fẹ́ sún mọ́ra bí wọ́n ṣe lè sún mọ́ra tẹ́lẹ̀.

Kí ni irin náà dúró lé?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, nítorí pé apá àti èjìká yín ló máa san gbèsè àṣìṣe tí ẹ bá ṣe níbẹ̀.

Bass drum tó gbé tọ́ọ̀mù kò lẹ́gbẹ́ tó bá di ká tètè tò ó. Ẹ gbé bass drum kalẹ̀, ẹ ki irin bọ̀ ọ́, ẹ fi tọ́ọ̀mù méjì kọ́ ọ, ó parí. Irin tí ẹ óò rù dín, àyè tí ẹ óò gbà nílẹ̀ kéré. Ẹni tó ń kó ìlù kiri lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Gíga ni ìṣòro rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Nígbà tí Ringo Starr, onílù ẹgbẹ́ Beatles, kọ́kọ́ gba ìlù Ludwig ní 1963, bass drum rẹ̀ fẹ̀ ní íǹṣì 20, tọ́ọ̀mù tó wà lórí rẹ̀ sì jìn ní íǹṣì 8. 20 àti 8 jẹ́ 28, ẹ fi àlàfo kékeré tó wà láàárín wọn kún un. Ẹ wá mú bass drum íǹṣì 24 àti tọ́ọ̀mù tó jìn ní íǹṣì 10: 34 nìyẹn, kí á tó ka àlàfo. Íǹṣì 6 ló fi ga ju ti Ringo lọ, irin tó gbé e kò sì lè mú un wálẹ̀, nítorí pé bass drum fúnra rẹ̀ ló dínà.

Sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà rí báyìí gẹ́lẹ́. Ó rẹwà, ó ga bí ògiri. Kí ọwọ́ mi lè tó ojú tọ́ọ̀mù, mo dà wọ́n dojú kọ ara mi. Ṣóńṣó ọ̀pá wá ń gún awọ dípò kó tẹ́ lé e, kòtò kéékèèké kún ojú awọ láàárín oṣù kan, èjìká ọ̀tún mi sì ń dùn mí lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí mo bá lùlù. Mo rò pé n kò mọ ìlù lù ni. Gíga tọ́ọ̀mù ni.

Ìṣòro kejì ni ẹ̀gbẹ́. Irin tó ti àárín bass drum jáde máa ń fi tọ́ọ̀mù kejì sí ọ̀tún, níbi tó yẹ kí cymbal (àwo idẹ) ńlá tí ẹ ń lù ní gbogbo ìgbà wà. Cymbal náà á wá sá jìnnà, á gòkè, apá ọ̀tún yín á sì máa nà tẹ̀ lé e. Bí tọ́ọ̀mù bá kúrò lórí bass drum, ẹ lè tì í sí òsì díẹ̀, kó bọ́ sí iwájú snare (ìlù tó wà láàárín ẹsẹ̀ yín méjèèjì) gan-an, kí cymbal náà wá sọ̀ kalẹ̀ sún mọ́ yín. Ọjọ́ tí mo ṣe èyí ni mo tó mọ̀ pé èmi náà lè lùlù fún wákàtí méjì láì sinmi apá.

Ẹ tún rántí pé bí ẹ bá ṣe ń tẹ bass drum, ẹ ń mi tọ́ọ̀mù tó wà lórí rẹ̀. Ẹ óò gbọ́ tí wọ́n ń hùn lábẹ́lẹ̀, pàápàá tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sún mọ́ wọn. Tọ́ọ̀mù méjì tó wúwo á sì máa tẹ bass drum síwájú bí ẹsẹ̀ irin rẹ̀ kò bá wà ní ipò tó yẹ.

Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí cymbal wà lórí rẹ̀ lè gbé tọ́ọ̀mù náà, bí ẹ bá fi irin ìdìmú kan so apá tọ́ọ̀mù mọ́ ọn. Ẹ wo ohun méjì. Ẹsẹ̀ irin náà gbọ́dọ̀ jẹ́ onírin méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èyí tó ní ọ̀kan ṣoṣo á dojú dé. Kí tọ́ọ̀mù sì wà ní tààrà lókè ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ mẹ́ta náà. Bí ó bá bọ́ sí àárín ẹsẹ̀ méjì, ọjọ́ kan ni gbogbo rẹ̀ máa wó, cymbal á sì tẹ̀ lé e.

Irin tí wọ́n ṣe fún tọ́ọ̀mù méjì nìkan tún wà. Ó dúró dáadáa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń bá ẹsẹ̀ bass drum jà níwájú.

Ẹni tó ń lo tọ́ọ̀mù kan ṣoṣo lókè

Bí ẹ bá jẹ́ irú ẹni yìí, mi ò ní pẹ́ ẹ sọ: ẹ gbé e sórí irin snare. Kò sí ihò, kò sí ìdìmú lára igi, ẹ lè gbé e sí ibi tó bá wù yín. Ìka mẹ́ta irin náà ló máa gbé òrùka ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má fún un pa. Ẹ jẹ́ kó jókòó lásán. Tí ẹ bá fún un pa, ẹ ti gba ìró rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ìsorọ̀ tí owó rẹ̀ wọ́n jù lọ kò sì ní ràn yín lọ́wọ́.

Ẹ wo bí ìka náà ṣe lè sún mọ́ra tó kí ẹ tó rà á. Irin tí wọ́n ṣe fún snare íǹṣì 14 lè máà di tọ́ọ̀mù íǹṣì 10 mú. Ẹ tún wo bó ṣe lè ga tó, nítorí pé ọ̀pọ̀ irin snare kúrú jù fún iṣẹ́ yìí; àwọn kan wà tí wọ́n ṣe ga nítorí rẹ̀.

Férémù irin

Tọ́ọ̀mù mẹ́rin tàbí márùn-ún ló mú kí férémù, irin gbọọrọ tí wọ́n ń de gbogbo tọ́ọ̀mù àti cymbal mọ́, wúlò. Nígbà tí Jeff Porcaro, onílù ẹgbẹ́ Toto, ń lo ti Pearl ní àwọn ọdún 1980 ni ojú ọ̀pọ̀ onílù là sí i. Gbogbo ìdìmú máa ń dúró sí ibi tí ẹ bá tì í pa sí, nítorí náà sẹ́ẹ̀tì ńlá á padà sí ipò kan náà gẹ́lẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ó wúwo, kò sì rọrùn láti sún tọ́ọ̀mù kan díẹ̀ láì yí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ padà. Ẹni tó ní tọ́ọ̀mù méjì kò nílò rẹ̀.

Tọ́ọ̀mù ilẹ̀

Ẹsẹ̀ mẹ́ta tó bá a wá dára. Bí ìró rẹ̀ bá kúrú, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sókè díẹ̀ kí ẹ tún lù ú. Bí ìró náà bá ṣí, ilẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Fóòmù kékeré lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tàbí rọ́bà tuntun tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, á yanjú rẹ̀. Ẹ má tíì so tọ́ọ̀mù ilẹ̀ rọ̀ kí ẹ tó dán èyí wò.

Ihò

Bí ẹ bá ń ra sẹ́ẹ̀tì tuntun, tí wọ́n sì ní kí ẹ mú bóyá bass drum tí wọ́n ti lu ihò sí tàbí èyí tí wọn kò lu, ẹ mú èyí tí wọn kò lu, àfi tó bá dá yín lójú pé ìgbà gbogbo lẹ óò máa kó o kiri. Ihò ṣeé lu lọ́jọ́ iwájú, kò ṣeé dí padà bó ṣe wà. Bí ìlù yín bá jẹ́ ti àtijọ́ tí ara rẹ̀ ṣì mọ́, ẹ má lu ohunkóhun sí i láé. Iye rẹ̀ lọ́jà á já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Bí bass drum tí ẹ rà bá ti ní ihò, ẹ yọ irin rẹ̀, ẹ fi awẹ́ irin pẹlẹbẹ bo ojú rẹ̀, kí ẹ gbé tọ́ọ̀mù síbòmíràn.

Bí ẹ bá ń ra ẹrù àlòkù

Ẹ mú ohun ìwọ̀n lọ. Páìpù Pearl jẹ́ íǹṣì 7/8. Ọ̀pá tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ sì wà ní 9.5 mm, 10.5 mm àti 12.7 mm, 10.5 tí wọ́n bá kì bọ ihò 12.7 á máa yọ̀ wálẹ̀ bó ti wù kí ẹ fún síkúrù rẹ̀ tó. Ti Yamaha ní igun mẹ́fà, kò sì wọ inú irin oníhò róbótó. Ẹ yọ awọ òkè bí wọ́n bá gbà fún yín, kí ẹ fi ìka tẹ igi yí ká ibi tí síkúrù ìdìmú ti wọlé: ibẹ̀ ni igi ti máa ń kọ́kọ́ là. Lẹ́yìn náà kí ẹ jókòó, kí ẹ gbé ọwọ́ lé snare, kí ẹ sì gbé e lọ sórí tọ́ọ̀mù láì sáré. Bí èjìká yín bá gbéra kí ìgbọ̀nwọ́ tó gbéra, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á sọ tọ́ọ̀mù náà kalẹ̀. Bí kò bá lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́, ẹ ṣírò owó irin mìíràn mọ́ iye tó pè kí ẹ tó dúnàá-dúrà.